Ọgbọ̀n Ẹsẹ̀ Láti Ìdí Igi Oṣè

Ẹ kú ilé o, Ìyá mi. Ẹ kú ọyẹ́, ẹ kú ìnira egungun, ẹ kú àmúmọ́ra ọjọ́ pípẹ́. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Savalou níhìn-ín, ní òdì kejì ẹnubodè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúnkún ọ̀tún kò gbà mọ́ bíi ti àtijọ́. Mo kí àbúrò mi Ràsákì, ẹni tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí. Mo kí ìyàwó rẹ̀ tó ń gbé omi gbígbóná fún yín láràárọ̀. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ọmọ tirẹ̀ náà gbé e fún un. Mo kí gbogbo agboolé, àgbà àti èwe. Ràsákì, rọra máa kà á. Bí ohùn rẹ bá fẹ́ yí padà níbì kan, mu omi kí o tó tẹ̀síwájú, ṣùgbọ́n má fo ìlà kankan.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ro ti ayọ̀. Ìyàwó Nọ́fíù, àkọ́bí mi, bí ìbejì, ọkùnrin méjèèjì. Táyé ti ń jókòó, Kẹ́hìndé ṣì ń wò ó bí ẹni ń wo òmùgọ̀. Sàkírátù ọmọ mi obìnrin náà bí obìnrin kan ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ojú yín gan-an ló gbé wá, títí kan bí ẹ ṣe ń di ojú kan bí ẹnìkan bá ń purọ́. Mufúlíá, ọmọ Nọ́fíù tó dàgbà jù, ti relé ọkọ lẹ́yìn Iléyá. Télọ̀ kan ní Bantè ló fẹ́ ẹ, ọmọ Isha, ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ kí mi títí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́ pé kó dìde. Ọmọ-ọmọ mi ti di mọ́kànlá báyìí, kò sì sí olórí burúkú kan nínú wọn. Ẹ̀yin lẹ gbìn ín, èmi ni mo ń fi igbá gbà á.

Ọjà mi ṣì ni ìkòkò irin àti abọ́ tánganran. Bí kajú bá ti ń já lórí igi, owó a dé ọwọ́ àgbẹ̀, obìnrin tó ti ń fi ìkòkò jíjò se ọbẹ̀ láti ọdún tó kọjá a rántí pé òun náà jẹ́ èèyàn. Mo ń kó ẹrù lọ sí Bantè lọ́jọ́ ọjà. Ní Savalou èdè Màxí ni mo fi ń tajà, ní Bantè èdè Isha tó bá tiwa tan, nínú ilé èdè Ṣakí. Àwọn ará Bantè máa ń fi ahọ́n mi rẹ́rìn-ín, wọ́n ní mo ń sọ̀rọ̀ bíi rédíò. Ọyẹ́ ọdún yìí le, ètè mi là, ẹsẹ̀ mi là. Láti ìgbà tí bàbá Nọ́fíù ti kú, ilé máa ń dákẹ́ lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n ẹni tó ti sin ọkọ sí ìlú kan, ìlú náà ti di ilé rẹ̀ nìyẹn. Mo ṣe opó oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá fún un. Mo mọ ibi tó sùn sí. Mo lè lọ bá a níbẹ̀ ní ọjọ́ Jímọ̀ kí n sọ ohun tí àwọn ọmọ rẹ̀ ṣe fún un.

Ẹ̀yin kò ní èyí. Ìdí rẹ̀ nìyí tí mo fi ń kọ̀wé.

Nígbà tí mo wá kí yín ní Iléyá tó kọjá, ẹ pè mí wọ yàrá, ẹ ní kí n ti ilẹ̀kùn. Ẹ ní ẹ kò bẹ̀rù ikú. Ohun tí ẹ ń bẹ̀rù ni pé bí ẹ bá dé ọ̀hún, wọ́n lè bi yín pé opó ni yín àbí ẹni tí ọkọ kọ̀, ẹ kò sì ní mọ èyí tí ẹ máa fi dáhùn. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rin, Ràsákì sì wà nínú yín, nígbà tí bàbá wa Àjàní ahunṣọ di ẹrù rẹ̀, tó ní òun ń lọ wá iṣẹ́ sí ọ̀nà Bantè, pé òun á dé kí oyún tó di ọmọ. Kò dé, kò ránṣẹ́. Ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sọ fún yín lójú gbogbo ilé pé ọkùnrin kì í sá kúrò nínú ilé tó bá dùn. Ẹ gbé ọ̀rọ̀ yẹn mì, ẹ fi í sínú, ẹ kò fẹ́ ẹlòmíràn, ẹ kò sì ṣe opó, nítorí ẹ kò mọ èyí tó tọ́ sí yín. Ọmọ-ọmọ ti ní ọmọ, ọ̀rọ̀ náà ṣì wà lọ́rùn yín bí eegun ẹja.

Nígbà tí mo padà dé, mo sọ fún ara mi pé bí iwájú kò bá ṣeé lọ, ẹ̀yìn a ṣeé wò. Mo ti mọ̀wé ná. Ẹ rántí pé ọdún kẹrin rèé tí mo ti ń lọ sí ẹ̀kọ́ àgbà. Obìnrin méjìlá ni wá, abẹ́ àtíbàbà la ti ń kọ́ ọ lẹ́yìn ìrun àsárù, èmi ni mo sì dàgbà jù. Ọdún kìíní, wọ́n fi mí rẹ́rìn-ín pé ọwọ́ mi mú kálámù bí ẹni mú ọmọ odó. Ṣùgbọ́n bó pẹ́ bó yá, akólòlò á pe baba.

Olùkọ́ wa, ọkùnrin pẹ̀lẹ́ kan, kò ní ìwé tó pọ̀ tí yóò fún wa kà. Ohun tó ṣe ni pé ó kó wa lọ sí itẹ́ òkú Savalou, ó ní ìwé tó wà níbẹ̀ kò ní tán, ẹnikẹ́ni kò sì ní já a gbà. Ẹni kọ̀ọ̀kan wa ní láti ka orúkọ mẹ́wàá kí a tó lọ sílé. Mo kà, mo kà, mo wá bá olùkọ́, mo ní ẹbí kan mà jìyà ní ìlú yìí o, pé òkú wọn ló kún ibí, wọ́n kọ "Isí Ripósì" sórí sàréè mẹ́fà. Olùkọ́ jókòó sórí òkúta, ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́. Ó ní kì í ṣe orúkọ ẹbí, pé Faransé ni, ohun tó túmọ̀ sí ni pé "ibí lẹni yìí ti ń sinmi". Títí di òní, bí mo bá pẹ́ dé kíláàsì, àwọn ẹgbẹ́ mi a ní Màmá Isí Ripósì ń bọ̀.

Ibẹ̀ ni èrò náà ti bọ́ sí mi lọ́kàn. Bí orúkọ àwọn ẹlòmíràn bá wà lára òkúta, ti bàbá mi náà lè wà níbì kan.

Ọjọ́ ọjà Bantè ni mo fi ń wá a. Bí mo bá tajà tán ní ọ̀sán, mo di ẹrù, mo gbé kálámù. Mo lọ sí ọ́fíìsì mérì, ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ wọn. Akọ̀wé wọn jẹ́ ọmọlúwàbí, ó ṣí ìwé ikú fún mi. Ṣùgbọ́n ó ṣàlàyé pé láyé ìgbà yẹn, ẹni tó bá kú lábúlé, ilẹ̀ ni wọ́n ń sọ fún, wọn kì í sọ fún ìjọba. Mo lọ sí mọ́ṣáláṣí, àáfà tó ń tọ́jú ìwé wọn fi ojú bá a lọ láti ọ̀tún sí òsì, orúkọ Àjàní kò sí níbẹ̀. Mo gun sẹ́mìjáǹ, ohun tí ẹ̀yin ń pè ní ọ̀kadà, dé Pira. Eruku pupa kún eyín mi, mo sì padà lọ́wọ́ òfo. Oṣù méje ni mo fi béèrè Àjàní ahunṣọ, ará Ṣakí. Àwọn kan ní ta ló ń wá òkú àtijọ́ bí ẹni wá ewúrẹ́ tó sọnù. Mo ní abèèrè kì í ṣìnà.

Àáfà tó ń tọ́jú ìwé ní Bantè yẹn ló wá sọ fún mi pé kí n lọ sí Gouka, pé bàbá kan wà níbẹ̀, Bàbá Láwánì, tó ti ń gbẹ́ sàréè láti ìgbà èwe, tó sì ń kọ orúkọ ẹnikẹ́ni tó bá sin sínú ìwé.

Ìyá mi, bí gbogbo ọkùnrin bá rí bí ẹni yìí, ayé ì bá tutù. Ó ti tó ọmọ ọgọ́rin ọdún àti díẹ̀. Bó ti rí mi ní ẹnu ọ̀nà itẹ́ òkú, ó bi mí bóyá mo wá yan ilẹ̀ tèmi ni, ó ní ara mi ṣì le, kí n má kánjú. Mo ní mo wá béèrè ẹni tó ṣáájú mi ni. Ó mú mi lọ sílé rẹ̀, ó gbé àpótí páànù kan jáde. Ewé dóńgóyárò gbígbẹ ló kún un nítorí ikán. Lábẹ́ ewé ni kayé márùn-ún wà, ìwé tí ọmọ iléèwé ń kọ. Ọdún méjì péré ló lò ní iléèwé, ọdún méjì náà ló sì ń ná láti ìgbà yẹn. Ẹni tó bá ní ẹbí nílùú, ìlà kan ló ń kọ fún un. Àlejò tí kò ní ẹnikẹ́ni, ìlà méjì. Mo bi í léèrè ìdí rẹ̀. Ó ní ọmọ onílé ní ẹni tí yóò rántí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé nìkan ni ẹbí àlejò. Kò gba kọ́bọ̀ lórí òkú àlejò rí.

Mo bi í nípa Àjàní ahunṣọ. Ó ronú, ó ní ará Ṣakí mẹ́ta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀: olóbì kan, aránṣọ kan, agbẹ́kànga kan. Kò sí ahunṣọ, kò sì sí Àjàní. Ó dùn mí dé egungun. Mo dúpẹ́, mo dìde, mo ti ń wá bàtà mi.

Ó wá bi mí láti ẹ̀yìn pé ta ni àkọ́bí ẹni tí mo ń wá náà. Mo ní èmi ni. Ó ní kí lorúkọ mi. Mo ní Àbẹ̀kẹ́. Ó mi orí, ó ní ṣé ìyẹn nìkan ni. Ó ní ní Gouka, bí àgbà àlejò bá wọ̀lú, kò sẹ́ni tí yóò máa la orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́ mọ́ ọn lórí bí ẹni ń pe ọmọdé. Wọn á béèrè orúkọ ọmọ rẹ̀, wọn á sì máa fi ọmọ pè é. Ó ní àlejò kì í ní orúkọ láàárín wọn, ọmọ rẹ̀ ló ń ní orúkọ.

Ìyá mi, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo ní orúkọ mìíràn. Èyí tí àáfà sọ mí ní ọjọ́ ìkómọ, tí ẹnikẹ́ni kì í pè àfi bàbá mi. Ẹ máa ń sọ pé orúkọ náà ti bá ẹni tó ń pè é lọ. Kò sí lára ìwé ìdánimọ̀ mi pàápàá. Ó pẹ́ kí ó tó wá sí mi lẹ́nu. Mo ní Rábíátù.

Bàbá Láwánì mú kayé kìíní, ó ṣí i, ó wá ojú ewé kan, ó fi ìka lé ìlà kan, ó sì ní ojú òun kò ríran tó mọ́, kí n bá òun kà á. Èmi ni mo kà á, Ìyá mi. Ọmọ yín tó ń mú kálámù bí ọmọ odó ló kà á:

"Bàbá Rábíátù. Àlejò láti Ṣakí. Agbẹ́kànga. Ibà ọjọ́ mẹ́ta. Ìyàwó rẹ̀ lóyún nílé. Ọgbọ̀n ẹsẹ̀ láti ìdí igi oṣè, sí ìwọ̀ oòrùn."

Ràsákì, mu omi.

Bàbá Láwánì ní ahunṣọ ti pọ̀ jù ní ìlú nígbà náà, ìyẹn ló fà á tí àlejò náà fi bá àwọn agbẹ́kànga lọ. Ó ní ọkùnrin náà kì í mutí, kì í jà, ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ kò ju àgbò ìkómọ lọ, pé òun ní láti mú owó àgbò délé kí ìyàwó òun tó bí. Ibà mú un lọ́jọ́ Àlàmísì, ó kú lọ́jọ́ Àìkú. Bàbá tó bí Bàbá Láwánì ló wẹ̀ ẹ́, Bàbá Láwánì fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ilẹ̀.

Wọ́n sì ránṣẹ́, Ìyá mi. Wọn kò dákẹ́. Wọ́n rán dírẹ́bà tó ń kó iṣu pé kó dé Ṣakí kó wá ilé Bàbá Rábíátù. Ọjọ́ méjì ni ọkùnrin náà fi rìn kiri ọjà Ṣakí, ó ń béèrè ilé Bàbá Rábíátù lọ́wọ́ gbogbo ayé, gbogbo ayé sì ń sọ fún un pé àwọn kò mọ̀ ọ́n. Ta ni yóò mọ̀ ọ́n? Àjàní ni wọ́n mọ̀. Ìyá Àbẹ̀kẹ́ ni wọ́n ń pe ẹ̀yin. Ó lè jẹ́ pé ó ra àkàrà lọ́wọ́ yín pàápàá. Ọ̀wọ̀ tí wọ́n fi wọ̀ ọ́ ní Gouka ló fi orúkọ rẹ̀ pamọ́ fún wa láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ẹni tí a lè bá wí. Nígbà tí ọdún kan pé tí ẹnikẹ́ni kò yọjú, wọ́n fi owó àgbò náà ṣe sàráà fún un, gbogbo àdúgbò jẹ, wọ́n sì gbàdúrà fún ọmọ inú oyún náà tí wọn kò mọ̀. Ràsákì, ìwọ ni.

A lọ sí ìdí igi oṣè. Bàbá Láwánì fi ẹ̀yìn ti igi, ó kọjú sí ìwọ̀ oòrùn, ó ka ọgbọ̀n ẹsẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pá rẹ̀. Koríko lásán ló wà níbẹ̀. Ó dúró, ó wo ilẹ̀, ó wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀, ló bá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ẹsẹ̀ tó ka ìgbà yẹn kọ́ ló ń ka ìsinsìnyí, pé nígbà náà òun ń gbésẹ̀ bí ẹtu, báyìí òun ń wọ́ ọ bí ìjàpá. Bàbá tirẹ̀ náà wà níbẹ̀, sàréè oní-sìmẹ́ńtì, ogún ẹsẹ̀ láti ìdí igi yẹn ló sì kọ fún un nínú kayé nígbà tí ara rẹ̀ ṣì le. Ó ní kí wọ́n mú okùn wá. A na okùn láti ìdí igi dé sàréè bàbá rẹ̀, a gé e. Bí okùn kan bá jẹ́ ogún, okùn kan àti ààbọ̀ ni ọgbọ̀n. A na okùn kan, a na ààbọ̀, mo fi ọwọ́ mi ya koríko. Òkúta méjì wà níbẹ̀, ọ̀kan ní orí, ọ̀kan ní ẹsẹ̀, ilẹ̀ ti gbé wọn mì dé ìdajì.

N kò ké. Mo kúnlẹ̀ kí i bí ọmọ ṣe ń kí bàbá. Mo ní Rábíátù ni, pé mo pẹ́ díẹ̀. Mo ní ọkùnrin ni oyún náà, ó ti di bàbá àgbà, ìyá wa sì wà láàyè, orí rẹ̀ pé. Bàbá Láwánì ṣe àdúà, gbogbo ẹni tó wà ní tòsí wá ṣe àmín.

Kí n tó kúrò, wọ́n mú mi lọ síbi kànga tí wọ́n ní ó bá wọn gbẹ́ gbẹ̀yìn. Òkúta ni wọ́n fi mọ ọ́n yípo, ó rí bí ẹni hun agbọ̀n. Àwọn obìnrin tó ń fa omi ń ṣàròyé pé ó jìn jù, pé ta ló fi ìyà yìí jẹ àwọn. Mo ní bàbá mi ni, ẹ jọ̀ọ́ ẹ foríjì í. Wọ́n kọ́kọ́ wò mí, wọ́n wá rẹ́rìn-ín, wọ́n ní kànga mìíràn ń gbẹ lọ́dọọdún, èyí kò gbẹ rí. Wọ́n bu omi fún mi, mo mu. Ó tutù.

Mo fẹ́ fún Bàbá Láwánì ní owó, ó kọ̀. Ó ní bí mo bá mọ̀wé lóòótọ́, kí n wá bá òun da kayé márààrún kọ, kí ikán tó borí dóńgóyárò. Gbogbo kíláàsì wa ló ń lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ báyìí. Ó ń sọ ìtàn ẹni tó wà lórí ìlà, àwa ń kọ. A ti parí méjì. Olùkọ́ wa ló ní kí a tẹ lẹ́tà yìí sínú ìwé ìròyìn ẹ̀kọ́ àgbà wa, mo sì gbà, nítorí èmi nìkan kọ́ ni mo ní ẹni tó lọ tí kò dé. Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, tí ẹ ń wá èèyàn yín ní agbègbè yìí, ẹ má fi orúkọ rẹ̀ nìkan béèrè. Ẹ fi orúkọ àkọ́bí rẹ̀ béèrè, gbogbo orúkọ tí ọmọ náà ní.

Ìyá mi, mo ti bi àáfà ní Bantè léèrè fún yín. Ó ní ọjọ́ opó ti kọjá lọ tipẹ́, kò sí aṣọ tí ẹ ní láti wọ̀, kò sí ilé tí ẹ ní láti jókòó sí, àdúà ló kù. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, kí ẹ dáhùn pé opó ni yín, opó ọkùnrin tó kú sẹ́nu iṣẹ́ owó ìkómọ. Bí ìyàwó ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ṣì wà lókè eèpẹ̀, kí Ràsákì ka ìlà méjì yẹn sí i létí pẹ̀lú. Kí ó kà á pẹ̀lẹ́, kò sí ìjà.

Ohun tó kù ni kí ẹ wá. Mo mọ̀ pé ọ̀nà jìn, ara sì ti di ara àgbà. Ṣùgbọ́n ẹ wá kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọ̀nà ṣì le. Ràsákì yóò mú yín gba ẹnubodè Òkerétè wọ Kìlìbó, Nọ́fíù yóò wá pàdé yín níbẹ̀ pẹ̀lú mọ́tò. Bàbá Láwánì ní òun kò ní kú kí ẹ tó dé, pé òun ti dúró dè yín láti ìgbà tí òun ti ń gbésẹ̀ bí ẹtu.

Ọlọ́run yóò fún yín lókun tí ẹ máa fi gun ọkọ̀, tí ẹ máa fi sọ̀ kalẹ̀. Ẹsẹ̀ yín kò ní kọ ọ̀nà, ojú yín yóò rí ohun tí ẹ ti ń wá. Ẹ bá mi kí gbogbo ilé, ará ọ̀tún, ará òsì, ẹ kí ìyàwó Ràsákì, ẹ gbé àwọn ọmọ kéékèèké mọ́ra fún mi.

Mo fi ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún náírà rán obìnrin aláṣọ tó ń wá sí Ṣakí. Kí Ràsákì kà á níṣojú yín. Owó ọkọ̀ yín ni, kì í ṣe owó ọbẹ̀.

Èmi ni ọmọ yín,
Rábíátù Àbẹ̀kẹ́